Àmín Tí Ìyá Toyyib Ṣe Sí Fisa Hàjàrá

Wọ́n ní bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, kí alárinà yẹ̀ba. Ẹni tó pa òwe yìí kò tíì ṣe alárinà fún Toyyib àti Hàjàrá rí. Ọdún kẹta rèé tí mo mú wọn mọ ara wọn, wọn ò sì tíì jẹ́ kí n yẹ̀ba.

Safiyat ni orúkọ mi. Télọ̀ ni mí, ìsọ̀ mi wà ní Tanke ní Ìlọrin, aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ni mo sì ń rán jù. Toyyib jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Hàjàrá ní tirẹ̀, ilé kéwú bàbá rẹ̀ ni a ti jọ kọ́ bí a ṣe ń ka Kùránì nígbà tí eyín iwájú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Kò sí ibi tí ẹjọ́ wọn lè gbà tí kò ní kàn mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni Hàjàrá wá sí ìsọ̀ mi, kí n bá òun mú yúnífọ́ọ̀mù òun wọlé díẹ̀ níbàdí. Kò pẹ́ tó jókòó ni Toyyib já wọlé, òjò ti pa á, ó sì fi àkísà di ọwọ́. Àgbò ló fi ìwo gbá a. Àgùntàn ni Toyyib ń sìn ní abúlé wọn lẹ́yìn ìlú, àgbò Iléyá tí àwọn ará Ìlọrin ń rà ló sì fi ń jẹun. Ó jáde yunifásítì o, ẹran ọ̀sìn náà ló kọ́ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ó di dandan kéèyàn lọ yunifásítì kó tó da àgùntàn.

Hàjàrá ní kó mú ọwọ́ wá. Ó tú àkísà, ó gbóòórùn, ó wo ojú Toyyib. Kẹrosíìnì ni arákùnrin yìí dà sójú ọgbẹ́.

"Ṣé àtùpà ni wọ́n pe ọwọ́ yín ni, tí ẹ fi ń rọ epo sí i?"

Toyyib kò fèsì. Mo mọ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹnu tó ń dákẹ́, mo bá gbé ojú sókè láti orí ẹ̀rọ mi. Ó kàn ń wo ọmọbìnrin náà bó ṣe ń fọ ọgbẹ́. Nígbà tí Hàjàrá di í tán, ó ní kó padà wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó padà wá lóòótọ́. Ó tún padà wá. Gbogbo ìgbà tí yúnífọ́ọ̀mù Hàjàrá bá ní ohun tí mo fẹ́ tún ṣe sí i ni ọwọ́ Toyyib máa ń ní ohun tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan Hàjàrá tú báńdéèjì yẹn, ara ọwọ́ ti jiná, kò sí ojú àpá tó ṣeé sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ó ní, "Alágùntàn, kí wá ni mò ń tọ́jú?"

Toyyib ní, "Èmi ni."

Mo gbọ́ ọ, mo sì fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka. Láti ọjọ́ náà ni Hàjàrá ti ń pè é ní Alágùntàn, tí òun náà ń pè é ní Nọ́ọ̀sì.

Kí ọdún tó yí po, àwọn ẹbí ti lọ tọrọ. Bàbá Hàjàrá ni Alfa Muhammad Awwal, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lẹ́yìn Ọjà Tuntun, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ó gba Toyyib tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó lè tọ́jú ẹran tí kò lè sọ ibi tó ń dun òun, ó yẹ kó lè tọ́jú ènìyàn. Ìyá Toyyib náà fẹ́ràn Hàjàrá. Ọṣẹ dúdú ni ìyá yìí ń ṣe, tó ń gbé wá tà ní Ọjà Tuntun. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, Toyyib nìkan sì ni ọmọkùnrin tó bí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Toyyib bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọn yóò gbé ìyàwó wá, èmi ni mo sì bá a yan àwọ̀ kọ́tìnnì. Wọ́n fi yìgì sí ẹ̀yìn ìkórè.

Ohun tí èmi àti Toyyib kò mọ̀ ni pé Hàjàrá ti ń bá ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò wọn kó tó mọ Toyyib rárá. Ìyá rẹ̀ ló ní kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnì kankan, àní títí kan ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ẹni tó ń lọ sókè òkun lọ́dọ̀ tiwa kì í sọ, ó di ìgbà tó bá débẹ̀, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì nínlá, tó ya fọ́tò, kí ará ilé rẹ̀ tó gbọ́. A ní ojú ayé là ń sá fún.

Èmi náà ti wá mọ ọ̀rọ̀ fisa iṣẹ́ yìí bí ẹni tó fẹ́ lọ. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá tọrọ. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ní láti dúró fún ọ lọ́hùn-ún, kó gba ìwé onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ ìjọba wọn ní orúkọ rẹ. Kó tó gba ìwé yẹn, wàá ti ṣe ìdánwò, wàá ti dúró kí wọ́n kọ orúkọ rẹ mọ́ ti àwọn nọ́ọ̀sì wọn, wọn á ti bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìwé jáde tán, wàá lọ yẹ ẹ̀dọ̀fóró wò, wàá lọ tẹ̀ka. Ẹ̀yìn ìka títẹ̀ yìí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo ayé ń pariwo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fisa, bi í pé láti ọjọ́ wo. Ti Hàjàrá ti lé ní ọdún kan kí ìwé onígbọ̀wọ́ tó yọjú, ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ sínú bí ẹni tó fi omi gbígbóná sẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ìyá Hàjàrá tó di ẹnu ọmọ, kò lè di ti ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ní asalátù àwọn obìnrin Ọjà Tuntun, ó yọ́ lọ bá alfa tó ń ṣíwájú àdúà létí. Ó gbàgbé pé àna òun jókòó sí ìlà kejì. Alfa gbé ohùn sókè: kí Ọlọ́hun jẹ́ kí fisa Hàjàrá ọmọ Alfa Muhammad Awwal jáde nírọ̀rùn, kó lọ ní àlàáfíà, kó rí alùbáríkà níbẹ̀.

Ìyá Toyyib gbọ́ orúkọ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ṣe Àmín tó la gbogbo mọ́ṣáláṣí já. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó pariwo tó o. Ìgbà tó fi ọwọ́ pa ojú tán ló yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, tó ní, "Fisa kí ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Toyyib dé ìsọ̀ mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

Ó ní, "Safi, ṣé ìwọ náà mọ̀?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó wò mí títí ó fi gbà mí gbọ́, ó wá jókòó sórí àpótí. Ó ní kì í ṣe pé Hàjàrá fẹ́ lọ ló dun òun. Ó ní gbogbo obìnrin asalátù ló mọ̀ kí òun tó mọ̀, ìyá òun sì ti bá wọn tọrọ ẹ̀ pàápàá. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo ojú rẹ̀, mo pa ẹnu mi dé.

Kò pe Hàjàrá mọ́. Hàjàrá pè é títí, kò gbé e. Ọmọbìnrin náà wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wú, ó ní ìyá òun ló ní kí òun dákẹ́. Mo ní kó má kó o lé ìyá rẹ̀ lórí, kó lọ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Èmi ni mo mú un lọ sí abúlé. A bá Toyyib nídìí ọgbà àgùntàn, ó ń da ewé fún wọn.

Hàjàrá ní, "Mo fẹ́ kó dájú ná kí n tó sọ."

"Ta lo rò pé ó máa ṣe ọ́ níbi nínú wa," ni Toyyib wí, "èmi àbí àwọn àgbò?"

Mo rò pé Hàjàrá máa bínú. Omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ojú ayé ni mò ń bẹ̀rù. Ìwọ ni. Mò ń bẹ̀rù pé tí mo bá sọ, wàá ní kí n má lọ. Màá sì gbọ́ tìẹ."

Toyyib dúró pẹ̀lú ewé lọ́wọ́, àgùntàn kan ń já a jẹ. Nígbà tó yá, ó ju ìyókù sílẹ̀, ó ní kó wá wo nǹkan kan. Ó mú un lọ síbi yàrá méjì yẹn. Ọ̀dà ara ògiri kò tíì gbẹ. Ó ní, "Ibi tí mo ní kí wọ́n gbé ọ wá nìyí." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hàjàrá dúró láàárín yàrá náà, ó ń wò ó yíká, mo sì jáde fún wọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀dà funfun wà ní èjìká híjáàbù Hàjàrá àti ní àyà aṣọ Toyyib, mo sì mọ̀ pé ìjà ti parí láàárín àwọn méjèèjì. Ó wá ku ti àwọn òbí.

Alfa Muhammad Awwal ní ọmọ òun kò ní sọdá òkun láì tíì ní ọkọ. Kí yìgì so ná, lẹ́yìn náà ibi tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n gbé, Ọlọ́hun á ṣọ́ wọn. Mo gba ọ̀nà Ọjà Tuntun lọ jẹ́ iṣẹ́ yìí fún ìyá Toyyib níwájú ìsọ̀ ọṣẹ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó là ń gbé, Safi. N ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ."

Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí òun dá sí i, kí fisa kọ́kọ́ jáde. Bí kò bá jáde, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo ṣàlàyé pé bí Toyyib yóò bá tẹ̀lé Hàjàrá, ọkọ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú àwọn òyìnbó kó tó tọrọ fisa tirẹ̀, àti pé ìwé onígbọ̀wọ́ yẹn kò ní dúró títí ayé. Bí oṣù díẹ̀ bá kọjá tí Hàjàrá kò lò ó, ó kú nìyẹn.

Ó ní, "Ṣé àwọn òyìnbó náà ló ń so yìgì ní Ìlọrin báyìí ni?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di àyípo nìyẹn. Alfa ní yìgì ni yóò ṣíwájú, ìyá Toyyib ní fisa ni. Èmi ń lọ mo ń bọ̀ láàárín Tanke àti Ọjà Tuntun bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi, ìwé ilé ìwòsàn sì ń gbọ́jọ́ lọ. Bí ìyá yìí kò bá yí ọkàn padà, ọ̀kan ni Hàjàrá máa pàdánù: iṣẹ́ tó fi ọdún ṣe wàhálà lé lórí, tàbí Toyyib.

Hàjàrá yan èyí tó fẹ́. Ó pe Toyyib sí Post Office lọ́jọ́ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó sọ fún un pé òun yóò jẹ́ kí ìwé náà kú, òun yóò wá sí yàrá méjì yẹn, ó tó òun. Toyyib fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó fi dá a lóhùn fún mi.

"Mo ní rárá. Mo ní, bó o bá jókòó nítorí mi, lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ bá jóná, fisa yẹn lo máa rántí. Èmi náà á sì máa rí i lójú ẹ."

Mo ní ó ṣe dáadáa. Ó wá sọ èyí tó ń jẹ ẹ́ nínú gan-an. Ó ní kí ni òun fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Hàjàrá á máa lọ síbi iṣẹ́, òun á wá jókòó sílé máa retí obìnrin?

Mo ní, "Ìwọ tó o máa ń jókòó ti abo àgùntàn títí á fi bímọ, ènìyàn ni o ò wá lè dúró dè?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dìde. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń ro ó lọ, mi ò sì dá a lẹ́bi. Kò rọrùn fún ọkùnrin Ìlọrin kí wọ́n máa pè é ní ẹni tí ìyàwó gbé lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá Toyyib fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n sin òun lọ sílé Alfa lẹ́yìn ìrun Alaasari. Ojú rẹ̀ kò dán. Mo rò pé ó ń lọ tú ìdána ká ni. Bí a ṣe wọlé ni ìyá Hàjàrá kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ fún un. Ìyá Toyyib gbé e dìde, kò bá a wí. Alfa ló dojú kọ.

"Alfa, ìbéèrè ni mo bá wá. Láti ọjọ́ asalátù yẹn ni n ò ti sùn dáadáa. Wọ́n ṣe àdúà, mo ṣe Àmín, n ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe Àmín sí. Ṣé ó ṣeé gbà padà?"

Gbogbo wa wo Alfa. Bó bá ní kò ṣeé gbà padà, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Mo rí i tí ìyá Hàjàrá ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Alfa wo ilẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò yí tẹ̀súbáà rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Toyyib, èmi ni bàbá ọmọ tí wọ́n ṣe àdúà náà fún. Ẹ má bi mí. Èyí tó bá mi lára mu ni ẹnu mi á fẹ́ sọ. Ẹ lọ bi alfa mìíràn, èyí tí kò mọ̀ wá rí."

Ìyá Toyyib fi etí gèlè nu imú, ó ní òun kò lọ bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní bàbá tó láǹfààní láti gbe ọmọ ẹ̀ tí kò gbè é, ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́.

"Àmín mi ti lọ," ni ó wí. "Mo sì pariwo ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ẹ so yìgì. Ṣùgbọ́n kó tó wọ bàálù, ẹ máa gbé e wá sílé mi bí wọ́n ṣe ń gbé ìyàwó. Èmi ni màá fọwọ́ ara mi wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀. N ò fẹ́ ìyàwó orí fóònù."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹ má bi mí ohun tó pa mí lẹ́kún, mi ò kí ń ṣe ìyàwó, mi ò kí ń ṣe ìyá ọkọ.

Hàjàrá ṣe wọ̀límọ̀ rẹ̀, ayẹyẹ kéwú tí ọmọbìnrin Ìlọrin ń ṣe kó tó lọ sílé ọkọ. Ó ka Kùránì níwájú bàbá rẹ̀. Wọ́n so yìgì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la gbé e dé abúlé. Ìyá Toyyib ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ omi àti ọṣẹ dúdú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ wẹ̀, lẹ́yìn náà tòsì, ó rọra fọ àárín ìka ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń fọ ti ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tó wọlé mi yìí, ibi tó bá tẹ̀, kó rọ̀ ọ́." A ṣe Àmín. Hàjàrá wọ yàrá rẹ̀.

Ó lọ tẹ̀ka ní Èkó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ìwé ìrìnnà Toyyib kò tíì jáde nígbà yẹn, wọ́n gbà pé òun á tọrọ tirẹ̀ tó bá yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n wí kọjá. Oṣù kan tún gorí ẹ̀. Ilé ìwòsàn náà kọ̀wé pé kí ó ní sùúrù, àyè rẹ̀ ṣì wà. Gbogbo wa ń bú fisa, ìyá Hàjàrá sì fẹ́ máa gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ sí abúlé, ohun tí mò ń bá níbẹ̀ kò jọ ìyà. Hàjàrá á ti dé láti ibi iṣẹ́, á ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, á jókòó pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀ nídìí ìkòkò, á máa ro eérú àti àdí pọ̀ títí yóò fi di ọṣẹ. Ó mọ̀ ọ́n rò débi pé ìyá náà ń fi í sílẹ̀ lọ kírun. Lọ́jọ́ kan mo bá a nínú ọgbà, aṣọ rẹ̀ ká dé orókún, ó ń gbẹ̀bí àgùntàn, Toyyib sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ìdajì àwọn obìnrin Tanke ń bi alágùntàn léèrè ibi tí òun máa dì mú. Ká ní fisa yẹn dé lásìkò, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọn ì bá fi jọ gbé. Mo ro ó, ara mi sì balẹ̀. Ní asalátù, wọ́n ṣì ń ṣe àdúà kó tètè jáde. Ìyá Toyyib ṣì ń ṣe Àmín, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó jókòó tì í gan-an ní láti dẹ etí kó tó gbọ́ ọ.

Ìdí ọṣẹ ni Hàjàrá wà lọ́jọ́ tí fisa jáde. Eérú kún ọwọ́ Hàjàrá, Toyyib ló bá a ka ohun tí wọ́n kọ sórí fóònù. Ó kà á, ó dúró, ó tún un kà. Ìyá Toyyib ní, "Alihamdulilahi," ó sì gba igi ìroṣẹ lọ́wọ́ Hàjàrá. Ó ń rò ó lọ, ó ń rò ó lọ, ọṣẹ náà ti dì, kò dúró. Hàjàrá dì mọ́ ọn lẹ́yìn.

Hàjàrá lọ. Kí n má parọ́, àwọn oṣù tó tẹ̀lé e ni mo bẹ̀rù jù. Ìwé ìrìnnà Toyyib pẹ́ kó tó jáde, fisa tirẹ̀ náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù kì í gbóná bí ọbẹ̀. Toyyib wá bá mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní Hàjàrá ti ń sùn sórí fóònù, pé bóyá òun ti ń sú u ni. Mo pe Hàjàrá. Ó ní iṣẹ́ òru ni, ó ní òun máa ń fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí kí òun lè fi ohùn Toyyib sùn, kí n má sọ fún un. Mo sọ fún un. Alárinà wo ló ń pa irú ẹ̀ mọ́?

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni fisa Toyyib jáde. Ó fa àgùntàn lé Bàṣírù, ọkọ àbúrò rẹ̀, lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ di ọṣẹ dúdú sí àpò rẹ̀ títí àpò fi wúwo. Kò sunkún níwájú ọmọ. Ó kàn ń tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe, aṣọ tí kò ní nǹkan tó ṣe é.

Ọjọ́ tí Toyyib máa dé ọ̀hún, ìyá wá jókòó sí ìsọ̀ mi láti àárọ̀, nítorí fóònù tèmi ló ń gbé àwòrán dáadáa. Àwọn oníbàárà ń wọlé ń jáde, ó ń kí wọn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù náà. Nígbà tó dún, mo gbé e ti ẹ̀rọ mi kó lè rí i. Hàjàrá ló fara hàn, ó ti di jákẹ́ẹ̀tì mọ́ra, ẹnu ọ̀nà pupa kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Toyyib dúró síta pẹ̀lú àpò, ó ń gbọ̀n. Ó fẹ́ wọlé, Hàjàrá ní kó dúró ná. Ó gbé fóònù ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé àga kékeré síbẹ̀ fún un, ó gbé abọ́ omi tó ń rú èéfín síwájú rẹ̀.

Toyyib ní, "Nọ́ọ̀sì, kí lèyí?"

Hàjàrá ní, "Ìyá ló ní kí n ṣe é. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá gbé wọlé là ń wẹ ẹsẹ̀ fún."

Mo yíjú sí ìyá. Wọn ò jẹ́ kí èmi alárinà gbọ́ sí i rárá. Ìyá kò wò mí. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ọ̀tún ni kó o kọ́kọ́ wẹ̀."

Hàjàrá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó bu ọṣẹ dúdú láti inú àpò tí Toyyib gbé dé, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún òun náà lẹ́nu ọ̀nà abúlé, pé ẹsẹ̀ tó wọlé òun yìí, ibi tó bá tẹ̀, kó rọ̀ ọ́. Toyyib fi ọwọ́ bo ojú.

Nígbà náà ni ìyá Toyyib ṣe Àmín. Ó ṣe é tí ọmọbìnrin tí mò ń wọn ìbàdí rẹ̀ fò sókè, tí àwọn tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ níwájú ìsọ̀ yíjú wò wá. Ohùn tó fi ṣe é lọ́jọ́ asalátù náà ló fi ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ohun tó ń ṣe Àmín sí.